Ìnṣọ́ránsì No-Fault ní New York: ìbéèrè tí àwọn ará wa ń béèrè lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀

Láti Flatbush, láti Bronx, láti Staten Island, ìbéèrè kan náà ló ń tọ̀ mí wá: ọkọ̀ gbá mi, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Mo ti ń bá àwọn ará wa kún fọ́ọ̀mù No-Fault fún ọdún mélòó kan, mo sì kó ohun tí wọ́n ń béèrè jù lọ jọ síbí. Òfin ìpínlẹ̀ New York ni mo ń sọ, kì í ṣe ti gbogbo Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ ráyè kà, ẹ ka èyí tó dá lórí 30 ọjọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní No-Fault?

Apá kan ni nínú ìnṣọ́ránsì tí òfin fi dandan mú gbogbo ẹni tó bá forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní New York láti ní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti san owó ìtọ́jú ẹni tó fara pa, àti apá kan nínú owó iṣẹ́ tó bọ́ mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́, láìdúró de ọjọ́ tí wọn yóò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ̀yin lẹ lè ṣàìdúró níbi iná pupa, wọn yóò ṣì san owó dókítà yín. Lórí ìwé ìnṣọ́ránsì, ẹ lè rí i pé PIP ni wọ́n kọ. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1974 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní New York. Massachusetts ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ní 1971. Kí ó tó dé, ẹni tí ọkọ̀ gbá ní láti lọ sílé ẹjọ́ kó tó rí kọ́bọ̀, bíìlì ilé ìwòsàn kì í sì í dúró de adájọ́.

Ohun tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé láàmú ni third party tí a mọ̀ ní Nàìjíríà. Ìyẹn wà fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. No-Fault wà fún ẹ̀yin fúnra yín pẹ̀lú.

Àwọn wo ló wà lábẹ́ rẹ̀?

Ẹni tó ń wa ọkọ̀, gbogbo ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ náà gbá, àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere tí ọkọ̀ náà kọlù. Ẹ ò ní láti ní ọkọ̀, ẹ ò sì ní láti ní ìwé ìwakọ̀.

Ẹni tó gun alùpùpù kò sí níbẹ̀, àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin yọ wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó yọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n lè pe awakọ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wọn bí ọgbẹ́ wọn ṣe tóbi tó.

Èló ló ń san, kí ló sì ń san owó náà fún?

Ó tó 50,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó fara pa. Bí ènìyàn mẹ́rin bá wà nínú ọkọ̀, oníkálukú ló ní 50,000 tirẹ̀. Wọn kì í pín in.

Nínú owó yìí ni áńbúláǹsì, ilé ìwòsàn, dókítà, oògùn, X-ray àti MRI, físíò, dókítà eyín àti ìtọ́jú ọpọlọ ti ń jáde. Owó iṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Ìdá 80 nínú 100 owó iṣẹ́ yín ni wọn yóò san, ṣùgbọ́n kò ní ju 2,000 dọ́là lọ lóṣù, ó sì lè lọ títí di ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ ìjàǹbá. Ẹni tó ń gba 2,000 dọ́là lóṣù yóò rí 1,600. Ẹni tó ń gba 4,000 kò ní rí 3,200. Orí 2,000 ni wọn yóò ti dá a dúró. Bí ẹ bá ń gba owó disability ìpínlẹ̀, ìyẹn owó ẹni tí ara kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, wọn yóò yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́ yìí.

Èyí tí àwọn ènìyàn wa kì í béèrè rárá ni 25 dọ́là lójúmọ́, fún ọdún kan, fún àwọn ìnáwó mìíràn tí ìjàǹbá náà fà. Owó táksí tó gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà wà níbẹ̀. Owó ẹni tí ẹ gbà láti máa bá yín fọṣọ kí ó sì gbálẹ̀ nígbà tí ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín lóòótọ́, ìwé sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ wá àpòòwé kan, kí ẹ máa ju gbogbo rìsíìtì sínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Bí ẹnì kan bá kú nínú ìjàǹbá náà, 2,000 dọ́là wà fún àwọn ará ilé rẹ̀, yàtọ̀ sí 50,000 yẹn.

Ṣé yóò tún ọkọ̀ mi ṣe?

Rárá. Ara ènìyàn nìkan ló wà fún. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wà lábẹ́ collision tiyín, apá ìnṣọ́ránsì tó ń tún ọkọ̀ ẹni ṣe, bí ẹ bá rà á, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì ẹni tó jẹ̀bi.

Ṣé owó gbà-máà-bínú ni?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ ná àti owó tí ẹ pàdánù ló ń dá padà. Ìrora tí ẹ jẹ, oorun tí ẹ ò rí sùn, ọmọ tí ẹ ò lè gbé mọ́, No-Fault kò san ohunkóhun fún wọn. Ọ̀nà mìíràn ni ìyẹn, mo ti sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ ìjàǹbá gan-an?

Ẹ pe 911 kí ẹ sì dúró de ọlọ́pàá. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, káàdì ìnṣọ́ránsì wọn àti ibi tí wọ́n ti kọlu ara wọn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ṣojú rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kó tó rìn kúrò.

Ẹ má ṣe sọ pé “ara mi le” nítorí ojú ń tì yín. Ẹ̀kọ́ ilé ni fún wa láti sọ pé kò ṣe nǹkan, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọlọ́pàá á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó fara pa, ọ̀rùn tí kò dùn yín lálẹ́ ọjọ́ náà lè má ṣe é yí sí ẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo ibi tó ń dùn yín, títí kan èyí tó kéré.

Bí ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni fara pa, tàbí tí nǹkan tó bàjẹ́ ju 1,000 dọ́là lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù MV-104, tí a fi ń ròyìn ìjàǹbá, ránṣẹ́ sí DMV, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀, láàárín ọjọ́ 10. Fọ́ọ̀mù tí ọlọ́pàá kọ kò rọ́pò tiyín.

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wo ni mo máa kọ̀wé sí?

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọkọ̀ kejì ló jẹ̀bi. Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tí ẹ wà lórí kẹ̀kẹ́, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tó gbá yín ni.

Bí ẹ ò bá mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá. Nínú àpótí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, nọ́ńbà mẹ́ta kan wà tó jẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀. DMV ní àkọsílẹ̀ àwọn àmì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Mo ti rí ẹni tó ń ti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí nọ́ńbà náà sì wà nínú àpò rẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá ń ti ẹrù náà síra wọn, èyí tó kọ́kọ́ gba lẹ́tà yín ló gbọ́dọ̀ bójú tó ìsanwó, kí wọ́n wá yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn lẹ́yìn náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ dúró kí wọ́n parí ìjà wọn.

Kí ni 30 ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo?

Láti ọjọ́ ìjàǹbá, 30 ọjọ́ péré lẹ ní láti fi ìwé sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé ẹ fara pa. Ìpè fóònù kò tó. Sísọ fún dókítà kò tó. Sísọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ kò tó, nítorí ó lè máà sọ fún wọn kí iye tó ń san má bàa lọ sókè. Ìwé ni wọ́n fẹ́: orúkọ yín, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù kò bá tíì sí lọ́wọ́, lẹ́tà ojú ìwé kan tí ẹ kọ fúnra yín tó láti dá ọjọ́ náà dúró.

Màmá kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà nílé, tí ọkọ̀ gbá bó ṣe ń sọdá ní Brooklyn, gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá fún mi ní ọjọ́ kọkànlélógójì. Àárín Bíbélì ló fi í sí. Ó mọ́ tónítóní, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó sì délé, ó ní òun ń dúró kí orókùn òun fúyẹ́ díẹ̀ kí òun tó máa yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo fẹ́ sunkún.

Bí 30 ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ má sọ̀rètí nù. Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ náà gba ìdí tó yè kooro tí ẹ bá kọ ọ́ fún wọn. Ìwé ilé ìwòsàn màmá yìí ni a so mọ́ lẹ́tà rẹ̀, òun náà ló gbà á sílẹ̀. Pé ẹ ò mọ ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, tí ẹ sì ń wá a, lè jẹ́ ìdí. “Mi ò mọ̀ pé òfin wà” kì í sábà jẹ ìdí.

Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò fún yín ní ìwé pé wọ́n gbà á. Ẹ tọ́jú ìwé náà.

Báwo ni mo ṣe máa kún NF-2?

NF-2 ni fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fara pa fi ń béèrè. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò fi ránṣẹ́, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó, èyí tí wọ́n ń pè ní DFS.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe jù ni ibi tí wọ́n ní kí ẹ sọ ọgbẹ́ yín. Àwọn ènìyàn á kọ “ẹsẹ̀”, ó parí. Lẹ́yìn oṣù méjì tí ẹ̀yìn bá wá ń dùn wọ́n, ilé-iṣẹ́ á ní ẹ̀yìn kò sí nínú ohun tí ẹ kọ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rùn, èjìká òsì, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, orókùn ọ̀tún, orí fífọ́. Ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹnu iṣẹ́ lẹ wà, ẹ sọ òtítọ́. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn lè yí ẹni tí yóò san padà. Ẹ má kọ iye owó iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ san owó orí lé.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló máa kún NF-6 fún owó iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń kún NF-7. Ẹ̀rí owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín 90 ọjọ́.

Dókítà ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan kí òun lè gba owó fúnra òun. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ó wọ́pọ̀, kò sì burú. Ìwé náà ló gbé ẹ̀tọ́ ìgbowó fún dókítà, kí ẹ̀yin má bàa máa san kí ẹ tó gbà. Dókítà ní 45 ọjọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan láti fi bíìlì rẹ̀ ránṣẹ́, iye tí ìpínlẹ̀ sì ti là sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Kò gbọ́dọ̀ wá bu ìyókù lé yín lórí.

Ẹ kàn má fọwọ́ sí ìwé tí kò sí ọjọ́ lórí rẹ̀, tàbí èyí tó ní ẹ ti gba ìtọ́jú tí ẹ ò tíì gbà. Bí wọ́n bá gbé ìwé márùn-ún lé yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ní ẹ yára, ẹ jókòó, ẹ kà á.

Mi ò ní ìwé ìgbélùú. Ṣé mo lè béèrè?

Ẹ lè béèrè. Ohun tí òfin No-Fault ń wò ni bóyá ọkọ̀ ló ṣe yín léṣe, kì í ṣe irú físà tí ẹ ní. Mo ti rí ẹni tó fi egungun tó ṣẹ́ sílé, tó ń fi òróró pa á, nítorí ẹ̀rù pé wọn yóò fi ọ̀rọ̀ òun tó ìjọba létí. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, owó ọkọ̀ tó gbá yín ni wọ́n sì ti gbà tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, a sì ní ìjàǹbá nínú ọkọ̀ mi. Ṣé ìnṣọ́ránsì mi yóò san fún un?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ náà. 50,000 tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí ó bá fẹ́ padà sílé kí ìtọ́jú tó parí, ẹ kọ́kọ́ gba gbogbo ìwé dókítà àti àwòrán X-ray rẹ̀, nítorí yóò ṣòro láti rí wọn gbà láti òkèèrè.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ọkọ̀ gbá mi. Ta ló ń san?

Workers' Compensation, ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ló kọ́kọ́ ń san bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Olùtọ́jú àgbà tí ọkọ̀ gbá níbi tó ti ń lọ láti ilé oníbàárà kan sí ti èkejì, tí agbanisíṣẹ́ kan náà rán an sí méjèèjì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀. Ẹ fi ìwé sọ fún ibi iṣẹ́ láàárín 30 ọjọ́. Àwọn tó ń wa Uber tàbí black car (ọkọ̀ tí a ń pè kó wá gbé wa) ní New York ní Black Car Fund tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wọn, láti 1999 ló sì ti wà.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tó kàn yín, ẹ kọ̀wé sí méjèèjì láàárín 30 ọjọ́. Kò sí ìjìyà fún ìyẹn. Ìjìyà wà fún dídúró.

Awakọ̀ náà sá lọ, tàbí kò ní ìnṣọ́ránsì. Ó ti tán nìyẹn?

Kò tíì tán. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó bá yín tan, tó sì ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú yín, ní ọkọ̀ tó ní ìnṣọ́ránsì. Bí ó bá wà, ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ lè san fún yín, ì báà ṣe ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ tó ń gbé lókè ilé náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Bí kò bá sí, àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní MVAIC, tí òfin dá sílẹ̀ fún irú èyí, fún àwọn tó ń gbé New York. Tí awakọ̀ bá sá lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 24, kí ẹ sì kọ̀wé sí MVAIC láàárín 90 ọjọ́. Wákàtí 24 yẹn ló ń pa àwọn ènìyàn lára. Bí wọ́n bá gbá yín tí wọ́n sá, ẹ má kọ́kọ́ lọ sílé lọ sùn.

Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ìnṣọ́ránsì nígbà tó fara pa nínú rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí No-Fault.

Ọkọ̀ Pennsylvania ló gbá mi ní Queens. Òfin ta ni a ó lò?

Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà bá ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní New York, òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ san bí New York ṣe là á sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà wà níbí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní àṣẹ yìí. Bí wọ́n bá sọ pé iye kékeré ti ìpínlẹ̀ wọn ni gbogbo ohun tó wà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì gbé e lọ bá lọ́yà.

Wọ́n pè mí lọ sọ́dọ̀ dókítà tiwọn. Ṣé dandan ni?

Dandan ni. IME ni wọ́n ń pè é. Dókítà tí ilé-iṣẹ́ san owó fún yóò yẹ̀ yín wò láti sọ bóyá ẹ ṣì nílò ìtọ́jú. Bí ẹ kò bá lọ, tí wọ́n sì tún pè yín tí ẹ kò lọ, wọ́n lè dá gbogbo owó dúró. Tí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé ṣáájú kí wọ́n yí i padà. Owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà fún yín.

Àyẹ̀wò náà lè má pẹ́. Ẹ kọ aago tí ẹ wọlé àti aago tí ẹ jáde sílẹ̀. Ìbéèrè tó bá bi yín, ẹ dáhùn bó ṣe rí lára yín lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì sọ pé “a dúpẹ́, ó ń sàn” nítorí ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkíni yẹn ni yóò wọ inú ìwé rẹ̀.

EUO ńkọ́?

Ìyẹn ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lábẹ́ ìbúra, níwájú lọ́yà ilé-iṣẹ́, tí ẹnì kan sì ń tẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n máa ń pe ènìyàn bí wọ́n bá fura. Ẹ má dá lọ. Ẹ mú lọ́yà dání. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ń dà yín láàmú, ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé ògbufọ̀ Yorùbá lẹ fẹ́. Mo mọ ẹni tó dáhùn “yes” sí ìbéèrè tí kò gbọ́ dáadáa, tó wá ń ṣàlàyé “yes” yẹn fún oṣù mẹ́fà.

Wọ́n ní àwọn kò ní san mọ́. Kí ló kù?

Láti ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀rí bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, 30 ọjọ́ ni ilé-iṣẹ́ ní láti san tàbí kí ó kọ̀. Fọ́ọ̀mù NF-10 ni wọ́n fi ń kọ̀, ìdí gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí owó tí ó tọ́ sí yín pẹ́, èlé 2 nínú 100 lóṣù ń gorí rẹ̀.

Ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà lábẹ́ American Arbitration Association, tàbí ilé ẹjọ́. Bí ẹ bá borí, ilé-iṣẹ́ ló máa san owó lọ́yà yín, bí ìlànà ṣe là á sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gba ìpín nínú owó No-Fault yín ṣáájú.

Ẹ má dá ìtọ́jú dúró nítorí lẹ́tà náà tí ara yín kò bá tíì yá. Ẹ fi ìnṣọ́ránsì ìlera yín hàn fún dókítà. Ọ̀nà kan náà ni bí 50,000 bá tán. Àwọn kan ti ra 25,000 mìíràn mọ́ ọn kí ìjàǹbá tó dé, OBEL ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ojú ìwé kìíní ìnṣọ́ránsì yín lónìí, bóyá ó wà níbẹ̀.

Mo mu ọtí díẹ̀ kí n tó wakọ̀.

Bí ọtí tàbí oògùn bá jẹ́ ara ohun tó fa ìjàǹbá náà, wọ́n lè kọ̀ láti san fún ẹni tó wa ọkọ̀. Ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn nìkan ni òfin ní kí wọ́n ṣì san. Àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ kò pàdánù tiwọn.

Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní òun mọ dókítà tó dára.

Ẹ pa fóònù náà. Ẹ bi ara yín léèrè bó ṣe rí nọ́ńbà yín. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni láti ra orúkọ àwọn tó fara pa, kí wọ́n sì tà á fún ilé ìtọ́jú tí yóò máa kọ bíìlì títí 50,000 yín yóò fi tán lórí ìtọ́jú tí kò wúlò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá nílò iṣẹ́ abẹ gan-an, kò sí owó mọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kejì 2012, ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn kan ènìyàn 36 ní Manhattan, àwọn dókítà wà nínú wọn, lórí bíìlì No-Fault èké tó lé ní mílíọ̀nù 270 dọ́là. Nínú ìjàǹbá àtọwọ́dá kan, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sílẹ̀ láti fi gba owó ìnṣọ́ránsì, ní Queens ní 2003, ìyá àgbàlagbà kan kú. Ikú yẹn ló bí òfin 2019 tó sọ dídá ìjàǹbá sílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ wá jókòó sínú ọkọ̀ kan “fún ìṣẹ́jú díẹ̀”, ẹ sá.

Ṣé mo tún lè pe awakọ̀ náà lẹ́jọ́?

Ó lè ṣeé ṣe, bí ọgbẹ́ yín bá jẹ́ “serious injury”, ìyẹn ọgbẹ́ ńlá, lójú òfin. Egungun tó ṣẹ́ wọ inú rẹ̀, kékeré tàbí ńlá. Ẹ̀yà ara tó gé, oyún tó bàjẹ́, àpá tó ba ojú jẹ́ gidi, ẹ̀yà ara tí kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́ títí láé, tàbí tí agbára rẹ̀ dínkù gidigidi, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikú.

Èyí tó ń fa àríyànjiyàn jù ni ti 90 ọjọ́ nínú 180: pé láàárín 180 ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán fún 90 ọjọ́, ẹ kò lè ṣe púpọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹni tí ọ̀rùn rẹ̀ ń dùn ún, tó ń fi oògùn ẹ̀fọ́rí bo ó mọ́lẹ̀, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta nítorí owó ilé, òun ni ilé ẹjọ́ ń dá padà, ó sì ń dùn mí nítorí pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú wọn.

Ọdún mẹ́ta lẹ ní láti pẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ìlú ló gbá yín, ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín 90 ọjọ́, ẹjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún kan àti 90 ọjọ́. Lọ́yà nìkan ni kó bá yín ka ọjọ́ wọ̀nyí.

Mo fẹ́ kó lọ sí Houston. Ṣé bákan náà ni níbẹ̀? Ilé ńkọ́, ní December?

Texas kì í ṣe ìpínlẹ̀ No-Fault, bẹ́ẹ̀ ni Georgia, Illinois àti Maryland. Ní Texas, PIP wà nínú ìnṣọ́ránsì yín àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ò fẹ́. Ẹ má fọwọ́ sí i láìkà á. New Jersey ní No-Fault, bẹ́ẹ̀ ni Florida, ṣùgbọ́n 10,000 dọ́là ni ti Florida, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti rí dókítà láàárín ọjọ́ 14.

No-Fault New York yín ń tẹ̀lé ẹ̀yin àti ará ilé yín káàkiri Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kò kọjá òkun. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nígbà ọdún, kò sí ohun tó kàn án. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó ní owó ilé ìwòsàn nínú kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ fẹ́ dé sọ́dọ̀ rẹ̀.